Obìnrin Kẹtàlá ní Ẹ̀yìn Ọjà Ṣáṣá

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025. Olódò.

Dókítà Ọmọ́ṣọlá pè mí láàárọ̀ yìí láti yunifásítì. Àwọn ló ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi. Wọ́n ní, "Gbọ́njúbọ́lá, ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. O lè bẹ̀rẹ̀." Inú mi dùn. Ogún obìnrin ni mo gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, gbogbo wọn nínú àwọn tó ń ṣe aṣẹ́wó ní Ṣáṣá, kí n tó wá kiri àwọn abúlé láti mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń dá sílẹ̀ láàárín ìlú. Mi ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ni màá fi pè wọ́n. Ohun tí obìnrin kan bá sì sọ fún mi, mi ò gbọdọ̀ tún un sọ fún ẹlòmíràn, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà.

Ìwé yìí ni màá máa kọ tèmi sí. Kò sí lára iṣẹ́ náà. Abẹ́ aṣọ nínú àpótí mi ni yóò máa gbé.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Gbogbo iwájú ilé ti di ẹrẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún

Mo dé hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ọjà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí wọ́n sọ pé àyè máa ń wà. Yàrá méjìdínlógún ló wà níbẹ̀. Òórùn tòmátò tó ti bàjẹ́ ń fẹ́ wọlé láti inú ọjà, kò sì jọ pé ó ń dà wọ́n láàmú mọ́. Máníjà wọn, Sanmí, wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ kì í ṣe ọlọ́pàá? Ẹ ò sì wá kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní rárá sí méjèèjì.

Obìnrin mẹ́ta bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnì kẹta, ọmọbìnrin Bẹ́núè kan tó gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe rò lọ, dáhùn gbogbo ìbéèrè mi tán, ó wá bi mí ní tirẹ̀: "Ẹ wá bi wá ní ìdí tá a fi ń ṣe é. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti bi àwọn náà?"

Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Lẹ́yìn ìsìn, díákónẹ́sì wa, Ìyá Olúwadọ̀tun, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti gbọ́ ibi tí mò ń lọ. "Ọmọ mi, tí o bá ti ń dé láti ibẹ̀, omi àdúrà ni kó o kọ́kọ́ fi wẹ̀." Wọ́n fún mi ní ìgò kan. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, torí ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Àmọ́ mi ò fi wẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé, tí mo bá fi wẹ̀, ojú àwọn obìnrin yẹn ni màá máa wẹ̀ dànù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

Mo ti bá obìnrin méjìlá sọ̀rọ̀. Sanmí ní ẹnì kan ṣẹ́ kù tó lè gbà, Gift tó wà ní yàrá kẹfà, pé kì í ṣe aláriwo. Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó fi aṣọ inura wé orí, ó ń wúkọ́. A wo ara wa.

Mo ní, "Mùjíbátù."

Ó bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ni mò ń pè. Lẹ́yìn náà ló fà mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mùjíbátù ti agboolé Ìyàndá ní Erunmu ni. Ọdún mẹ́fà la fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń yan kóró kajú tí kò fi ní jó èèyàn lọ́wọ́. Gbogbo Erunmu ló mọ̀ pé ó wà ní Èkó, pé ó ń se oúnjẹ nílé oúnjẹ kan ní Múṣín. Iléyá tó kọjá, èmi fúnra mi rí i tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì méjì, tí ọmọ rẹ̀ Humairah ń sáré lọ pàdé rẹ̀.

Ó mú ìwé àdéhùn lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ohun tí wọ́n kọ síbí, pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Màámi ńkọ́?"

"Màámi náà."

Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo dé ìta, mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tòmátò ẹni ẹlẹ́ni títí alápẹ̀rẹ̀ fi dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Karùn-ún

Mùjíbátù kọ́kọ́ ní kí n pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní kí n tàn án padà. "Jẹ́ kó gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà níbí ní Olódò gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà nígbà tí Humairah wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohùn mọ́, kò sí òkú. Àwọn ẹbí ọkọ ní òun ló lé ọmọ àwọn lọ. Ó gbé Humairah lọ fún ìyá rẹ̀ ní Erunmu, ó sì rí iṣẹ́ ní oko adìyẹ kan ní Lágelú, ó ń kó ẹyin, ó ń gbá ìgbẹ́ adìyẹ. Ọdún kẹrin, oúnjẹ adìyẹ wọ́n kọjá agbára olóko, ó ta gbogbo adìyẹ, ó sì ní kí gbogbo wọn máa lọ. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún un pé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣáṣá ń wá ẹni tí yóò máa gbé ọtí fún àwọn èèyàn.

"Ọtí ni mo kọ́kọ́ ń gbé, Bọ́lá. Fún oṣù kan gbáko. Humairah wá ń ṣàìsàn, màámi ń pè mí lójoojúmọ́. Ọkùnrin kan ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ tó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó wọlé. Ẹnì kankan ò lù mí. Ẹnì kankan ò tì mí mọ́lé. Ká ní wọ́n fipá mú mi ni, ǹ bá rí ẹni tí màá máa bínú sí."

Ọdún méje nìyẹn.

Mo bi í bó ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ Èkó fún àwọn ará ilé. Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì sùn ní Èkó rí láyé rẹ̀! Àwọn awakọ̀ tó bá ti Èkó wá ló máa ń bi: báwo ni Múṣín ṣe rí báyìí, ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀, ṣé iná wà, ojú ọ̀nà wo ni wọ́n tì pa. Tí wọ́n bá ní òjò rọ̀, á pe ìyá rẹ̀ láti sọ pé òjò pa òun lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo bi í ní ìbéèrè tó wà nínú ìwé mi, kí ni ohun tí iṣẹ́ yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Ó ní, "Orúkọ mi. Látìgbà tí mo ti dé inú ilé yìí, kò sẹ́ni tó pè mí ní Mùjíbátù. Lọ́jọ́ tó o wọlé tó o pè mí, mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló ń bẹ lẹ́yìn mi."



Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Karùn-ún

Abúlé kan ní Lágelú. Àwọn obìnrin márùn-ún jókòó sábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú mi. Mẹ́rin bú àwọn aṣẹ́wó títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Ẹnì karùn-ún ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo fẹ́ gun ọ̀kadà ló sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà. "Ọkọ mi kó àrùn wálé, èmi náà sì ti kó o. Mo máa ń lọ gba oògùn ní ọ̀nà jíjìn kí wọ́n má baà rí mi. Mi ò mọ ẹni tí màá bínú sí. Obìnrin yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkọ mi, òun ni mo bí ọmọ mẹ́rin fún."

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà

Ikọ́ Mùjíbátù ti le sí i. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ó wá jẹ́wọ́ fún mi pé ọdún mẹ́ta lòun ti fi ń lo oògùn àrùn kògbóògùn, ara òun sì le dáadáa. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ó pàdé ará Erunmu kan níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Onítọ̀hún kí i, ó bi í pé kí ló ń wá. Láti ọjọ́ náà, kò padà lọ mọ́.

"Torí kíkí lásán?"

"Torí kí màámi má baà gbọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà. Iléyá.

Mùjíbátù ò lè lọ sílé. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun mú aṣọ Humairah lọ, aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó rà sílẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀. Ó kọ́ mi ní ohun tí màá sọ: wọn ò fún òun láyè níbi iṣẹ́, aláṣè kejì ti rìnrìn àjò.

Mo bá Ìyá Mùjíbátù nídìí agbada, wọ́n ń dín ẹran. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àmọ́ wọ́n ṣì ń ti oko bọ̀ láàárọ̀ kí n tó dé. Mo jíṣẹ́ tán. Wọ́n yí ẹran padà nínú òróró.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo rí i?"

"Ẹnì kan ló bá a gbé e wá láti Èkó, màámi."

Ojú òróró ni mo ń wò nígbà tí mò ń sọ ọ́. Wọn ò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Wọ́n di ẹran sínú ọ̀rá, wọ́n so ó, wọ́n tún fi òmíràn so ó. "Tó o bá rí ẹni tó ń lọ, bá mi fi ránṣẹ́ sí i. Jẹ́ kó tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Humairah gbìyànjú aṣọ náà. Kò dé orúnkún rẹ̀. Ọmọ náà ti ga ju bí ìyá rẹ̀ ṣe rò lọ. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó bá mi mu, Àǹtí."

Mo gbé ẹran náà lọ sí Ṣáṣá nírọ̀lẹ́. Ó jẹ ẹyọ kan. "Ata màámi nìyí." Ó di ìyókù mọ́ àyà.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò lè lọ. Mo ń pè é, kò gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà

Sanmí ló pè mí. "Àǹtí, ẹ wá gbé èèyàn yín. Kò lè dìde mọ́, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ níbí."

Àwọn obìnrin tó kù ti wẹ̀ ẹ́ kí n tó dé. Ọmọbìnrin Bẹ́núè ló di irun rẹ̀. Wọ́n fi ìró tiwọn wé e, mẹ́rin nínú wọn gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn awakọ̀ tó wà níta dúró, wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó bá wa gbé e.

Ní ọsibítù ìjọba, dókítà ní ikọ́ ife ni, pé ó ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, pé ara rẹ̀ ò ní agbára tó fi máa bá a jà torí oògùn tó ti pa tì. Ó bi mí bóyá ẹbí ni mí. Mo ní ọ̀rẹ́ ni.

"Ẹ lọ pe ẹbí," ó ní.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹfà

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pe Dókítà Ọmọ́ṣọlá. Wọ́n ní, "Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ fún ẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Bi í lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo lọ bi í. Kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ torí rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi sí i nímú. Ó mi orí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O fọwọ́ sí i, Bọ́lá. Àwa méjèèjì la jọ fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Mo ti da àdéhùn náà.

Mo gbéra lọ sí Erunmu láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìyá Mùjíbátù ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, mo ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n ti sọ fún yín."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá, màámi."

"Ṣé Ṣáṣá náà ló ṣì wà?"

Mo gbé ojú sókè. Wọ́n ń wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá wá tọrọ omi.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n kó ata lọ sí Ṣáṣá. Wọ́n dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n gba ẹ̀yìn ọjà kọjá. Wọ́n rí ọmọ wọn tó dúró níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, tó ró ìró mọ́ àyà, tó ń fọ eyín, tí ọkùnrin kan sì ń wọ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ àjàgbé kan. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí tó fi fọ eyín tán, tó sì wọlé.

"Mo fi ata mi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Mọ́níyà kí n tó rántí pé ó yẹ kí n wọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò tajà ní Ṣáṣá mọ́, Olódò ni mò ń ná."

Mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi sọ fún un.

"Tí mo bá sọ fún un pé mo mọ̀, kò ní lè wò mí lójú. Kò ní wálé mọ́. Mo fẹ́ kó máa wálé, Bọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún péré ni."

Wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n wọ bùbá, wọ́n mú àpamọ́wọ́ wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Má sọ fún un pé mo mọ̀. Kí la fẹ́ sọ pé ó gbé e dé Ìbàdàn láti Èkó?"

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹfà

Mo rí ohun tí mi ò ní gbàgbé.

Ìyá Mùjíbátù ti sùn mọ́jú lórí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá mi ló ní kí wọ́n gbé mi sún mọ́ ilé, màámi," Mùjíbátù ń sọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já.

"Ọ̀gá rere ni. Ọlọ́run á san án fún un. Ṣé òjò ń rọ̀ ní Múṣín?"

"Ó ń rọ̀. Omi dé orúnkún."

"Tibí náà ń rọ̀. Àgbàdo ti yọ dáadáa."

Wọ́n nu àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹfà

Ìyá lọ kírun lọ́sàn-án. Mùjíbátù fi ìka pè mí.

"O sọ fún un."

Mo jókòó sórí ẹní ìyá rẹ̀.

"Màámi ò mọ irọ́ pa. Tó bá ń purọ́, á máa sọ̀rọ̀ àgbàdo." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá a lẹ́nu. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, "Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti mọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Mùjíbátù kú ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà.

A gbé e dé Erunmu kí oòrùn tó le. Àwọn obìnrin agboolé wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí Ààfáà Mùtíù fẹ́ kí wọ́n tò láti kírun sí i lára, Sàníù dìde. Ọmọ àbúrò bàbá Mùjíbátù ni, òun ló ń ṣe bí olórí agboolé láti ìgbà tí àwọn àgbà ti ń kú. Ọ̀rọ̀ ti délùú, mi ò mọ ẹni tó gbé e wá.

Ó ní, "A ò lè sin ín mọ́ àwọn bàbá wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní oníṣẹ́ Èkó, ẹ ti pẹ́. Yàrá kẹfà ló ń gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ọjà Ṣáṣá. Aṣẹ́wó ni."

Ìyá Mùjíbátù jáde wá láti inú ilé. Wọn ò sunkún, wọn ò pariwo. Ojú wọn ni wọ́n ti bí Sàníù, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fi ń pè é.

"Sàníù, èmi tí mo bí i, mi ò mọ yàrá tó ń gbé. Ta ló sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹ?"

Sàníù tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mùnírù, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin, wo ojú rẹ̀, ó tún wolẹ̀.

Ààfáà Mùtíù ní, "Ẹ tò." Wọ́n tò. Wọ́n sin Mùjíbátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Ìgbà tí mo wẹ̀yìn ni mo rí Humairah. Ó dúró ti àgbá omi látìgbà tí Sàníù ti ń sọ̀rọ̀. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn. Kò sẹ́ni tó rántí mú un wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹfà

Mi ò kọ nǹkan kan. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà

Fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn tó wá ò pọ̀. Humairah ò lọ sílé ìwé láti ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Yàrá Kẹfà.

Ó bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń fọ àwo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó bá mi fọ mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ṣé torí tèmi ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Mo ti bá obìnrin mẹ́tàlá sọ̀rọ̀, mo ti ka ìwé tó kún tábìlì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Àmọ́ ọmọ náà ń wò mí, kì í sì í ṣe òmùgọ̀.

Mo ní, "Nítorí rẹ ló ṣe ń fi owó ránṣẹ́. Iṣẹ́ tó rí ṣe, ìwọ kọ́ lo fà á. Ó wá èyí tó sàn jù ú lọ títí, kò rí."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ó ń tijú."

"Ǹ kì bá ti bínú." Ó fọ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. "Ǹ kì bá ti bínú rárá, Àǹtí. Ṣáṣá ò jìnnà. Ǹ bá máa lọ kí wọn."

Mo sunkún níwájú ọmọdé, òun ló ń fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nù mí lójú.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tẹ ọ̀rọ̀ Mùjíbátù sórí kọ̀m̀pútà. Níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ohun tí ìlànà ní kí n kọ ni: *ó rẹ́rìn-ín*. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà Ọmọ́ṣọlá pé mo da àdéhùn, mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò tó bá tọ́. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ìgbìmọ̀, àwọn ni yóò pinnu. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́, kì í ṣe bí ọ̀gá. Ká ní o ò lọ sí Erunmu, ṣé wàá lè sùn?"

"Mi ò lè sùn báyìí náà, mà."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje

Ìyá Mùnírù, ìyàwó Sàníù, wá mi wá sí Olódò. Kò jókòó nígbà tí mo ní kó jókòó. Ó ní láti ọjọ́ ìsìnkú, ọkọ òun ò tíì wo ojú òun, òun náà ò sì tíì bi í. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ṣì ń mu ọyàn.

"Ẹ ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Mi ò mọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà wọlé."

Mo ní màá bá a lọ.

Ó ní, "Èmi nìkan kọ́ o. Àwọn mẹ́ta mìíràn náà ní kí n bá àwọn bi yín."

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Òjò dá lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin mẹ́rin láti Erunmu ni mo kó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti pín ara wọn sí ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi pé wọn ò jọ ń lọ. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, kálukú fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti ẹnì kejì. Ìyá Mùnírù pọn ọmọ sẹ́yìn, ó jókòó sí ìkángun.

A ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí Ìyá Mùjíbátù fi wọlé. Mi ò sọ fún wọn, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, kí lẹ wá ṣe? Ti àwọn ọ̀dọ́ ni tòní." Wọ́n ní àwọn kàn wá jókòó ni. Wọ́n wo bẹ́ǹṣì náà láti ìkángun kan dé èkejì, wọ́n lọ jókòó sínú àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Mùnírù. Obìnrin náà ti orí bọlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n má sin Mùjíbátù mọ́ àwọn bàbá wọn, kò tíì pé oṣù kan.

"Gbé ọmọ yẹn wá," Ìyá Mùjíbátù ní. "Ó ti gbóná lẹ́yìn rẹ."

Ó tú ọmọ náà, ó gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e lé itan.

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn, ó pe orúkọ àkọ́kọ́. Orúkọ Ìyá Mùnírù ni. Kò dìde. Nọ́ọ̀sì tún pe orúkọ náà. Ìyá Mùjíbátù gbé ọmọ lé èjìká kan, wọ́n na ọwọ́ kejì sí i.

"Dìde, ìyàwó mi. Èmi náà ń bọ̀."

Wọ́n jọ wọlé. Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́ta tó kù sún mọ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dí àlàfo náà, a sì jọ ń dúró.